Wíwọn ìrìn gìgísẹ̀ nínú bàtà: ara bàtà ni kí n lẹ máàkà mọ́ ni, àbí ara ẹsẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Físíò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Iṣẹ́ àṣekágbá ni mo fẹ́ ṣe lórí bí gìgísẹ̀ ṣe ń wó sínú nígbà téèyàn bá ń rìn. Bàtà méjì ni mo fẹ́ fi wéra: bàtà awọ líle tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, àti kánfáàsì. Àgbàlagbà méjìlá ni yóò wọ̀ wọ́n, nọ́ńbà 41 sí 43. Ohun tó wà nílẹ̀ ni fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, MPU-6050 méjì (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yí àti bó ṣe ń rìn), ESP32 kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka sẹ́ńsọ̀), àti kọ̀ǹpútà tí Kinovea, ètò tí wọ́n fi ń wọn igun lórí fídíò, wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ lẹ àmì (máàkà) méjì mọ́ ẹ̀yìn bàtà, méjì mọ́ ẹ̀yìn ojúgun, kí n sì wọn igun tó wà láàárín wọn. Ṣé ìyẹn tó? Ibo ló ti lè bàjẹ́?

OníMáàkà

Kò tó o. Bàtà lẹ máa wọ̀n, ẹ ò ní wọn ẹsẹ̀.

Eegun 26 àti oríkèé 33 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n so mọ́ bàtà. Bí gìgísẹ̀ bá kanlẹ̀, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ á fẹ̀, eegun á sì yí sínú díẹ̀ kí ẹ̀yìn bàtà tó tẹ̀lé e. Bí ó bá tún fẹ́ gbéra, á kọ́kọ́ yọ́ sókè nínú bàtà kí bàtà fúnra rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìn kánfáàsì rọ̀, nítorí náà ó máa ń bá gìgísẹ̀ lọ dé ìwọ̀n kan. Ẹ̀yìn bàtà awọ le gbagidi; gìgísẹ̀ á máa ṣe tiẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, bàtà á máa ṣe tiẹ̀ níta. Ibi tọ́rọ̀ ti wúwo nìyẹn. Àṣìṣe tó wà nínú bàtà kan kọ́ ló wà nínú èkejì, ẹ ò sì lè ní ìrètí pé wọ́n á pa ara wọn rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fi wọ́n wéra. Ẹ lè rí ìyàtọ̀ dìgírì 4 láàárín bàtà méjèèjì, kó jẹ́ pé líle ẹ̀yìn bàtà lẹ wọ̀n.

Kì í ṣe àbá lásán. Ní 1997, Reinschmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde tí wọ́n ti fi irin tín-ín-rín gún eegun ojúgun àti eegun gìgísẹ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì fi máàkà sórí irin náà àti sára bàtà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gbogbogbòò, máàkà òde ń sọ pé ìyípo náà pọ̀ ju bí eegun ṣe yí gan-an lọ.

Kò sẹ́ni tó máa gbà yín láàyè kí ẹ gún eegun ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ àṣekágbá. Èyí tó kù ni pé kí ẹ lu ihò sí bàtà, kí máàkà lẹ̀ mọ́ awọ ẹsẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ síta. Ihò tó fẹ̀ tó 25 mm ni kí ẹ fojú sí. Bí ìdí máàkà bá jẹ́ 10 mm, àyè 7.5 mm á kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ihò bá kéré, ọ̀pá máàkà á máa gbún etí rẹ̀, ẹ ó sì rí i lójú ìlà: ìlà náà ń gòkè bọ̀, ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ lójijì, lẹ́yìn náà ó fò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé oríkèé ló dé òpin rẹ̀. Kí ọ̀pá gùn tó 12 sí 15 mm, kí bọ́ọ̀lù orí rẹ̀, irú 9.5 mm, lè jìnnà sí ara bàtà.

Aránbàtà

Ẹ má kàn mú ọ̀bẹ dání kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé o. Ẹ̀yìn bàtà awọ kì í ṣe ìpele kan. Awọ òde wà, awọ inú wà, ohun líle kan sì wà láàárín méjèèjì tó ń gbá gìgísẹ̀ mú. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ há a, ohun líle yẹn á sán kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ̀yìn bàtà á sì máa ṣí bíi ilẹ̀kùn.

Irin ìluhò oníbùú 25 mm ni kí ẹ lò. Ẹ gbẹ́ igi tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú inú bàtà, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí òòlù lè rí nǹkan gbára lé. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú agbára. Lílù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló ń ya á. Ẹ fi ó kéré tán 10 mm sílẹ̀ láàárín ihò àti etí òkè bàtà, 10 mm láàárín ihò àti ibi tí awọ ti pàdé ìsàlẹ̀ bàtà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní etí ihò, kí ẹ rán an yípo pẹ̀lú òwú ọ̀rá. Ti kánfáàsì yàtọ̀: gọ́ọ̀mù ló ń ṣáájú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ojú ibẹ̀ nínú àti lóde, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó lu ihò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òwú rẹ̀ á tú, ihò 25 mm á di 30 kí ẹni kẹta tó wọ̀ ọ́ tán.

Bàtà òkìríkà dára fún kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e. Ẹ má fi wọ̀n. Ẹsẹ̀ ẹni tó ti ń wọ̀ ọ́ bọ̀ ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jíjẹ yẹn nìkan sì tó láti da gìgísẹ̀ ẹlòmíì sí ẹ̀gbẹ́. Tuntun ni kí ẹ rà fún iṣẹ́ gangan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Físíò

Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ ìṣirò kan ò bá ara mu. Ẹ̀yìn bàtà tí mo wọ̀n ga tó 65 mm. Ihò méjì tó wà lórí ara wọn, pẹ̀lú 10 mm lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, 80 mm ni. Kò gbà á. Fóònù kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì nílò àmì méjì lórí gìgísẹ̀ kí ìlà tó lè wà. Ṣé kí n kúkú lo sáńdàlì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí?

OníMáàkà

Sáńdàlì á jẹ́ kí ẹ rí ẹsẹ̀, òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín dá lórí ohun tí ẹ̀yìn bàtà líle ń ṣe fún gìgísẹ̀. Bí ẹ bá yọ ẹ̀yìn bàtà, ìbéèrè náà ti lọ nìyẹn.

Ìṣirò yín tọ̀nà, ihò méjì ò lè gba ibẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn tó ní kámẹ́rà púpọ̀ máa ń lu ihò kan sẹ́yìn, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ òde, nítorí máàkà mẹ́ta tí kò sí lórí ìlà kan náà ni wọ́n nílò kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ bí eegun gìgísẹ̀ ṣe yí sí gbogbo ọ̀nà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Oxford Foot Model, tó pín ẹsẹ̀ sí ojúgun, ìdajì ẹ̀yìn, ìdajì iwájú àti àtàǹpàkò, àti èyí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn Rizzoli ní Bologna, ní Ítálì. Fóònù kan ò lè ṣe ìyẹn.

Fún fóònù kan, ihò ẹ̀yìn kan ṣoṣo ti tó. Ẹ gé pẹlẹbẹ ike líle 10 mm sí 10 mm, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó bá ìtẹ̀kọrọdọ gìgísẹ̀ mu, ẹ fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Ọ̀pá kan á jáde láti ara rẹ̀ gba inú ihò. Lóde, ẹ de igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀pá náà lóòró, kí àmì kan wà lókè rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí 60 mm wà láàárín wọn. Ìdí tí mo fi ń sọ 60: bí ẹ bá fi 1 mm ṣìnà níbi tí ẹ tẹ ojú àmì lórí Kinovea, lórí àmì tó jìnnà síra ní 40 mm, dìgírì 1.4 ni àṣìṣe igun. Ní 60 mm, kò tó dìgírì 1. Gbogbo wíwó sínú tí ẹ ń wá lè má ju dìgírì 6 sí 10 lọ, kí ẹ rò ó wò.

Ohun tó máa bà á jẹ́ ni ìwúwo. Bí igi náà bá wúwo, á máa gbọ̀n lẹ́yìn tí gìgísẹ̀ bá kanlẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà tó ń gbọ̀n fún ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì àkọ́kọ́. Ike ìmumi tàbí igi ìtayín ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi irin.

IléSẹ́ńsọ̀

Kí ló dé tí a fi ń pa ara wa lára pẹ̀lú ihò? MPU-6050 méjì wà nílẹ̀. Ọ̀kan sórí ojúgun, ọ̀kan sí ẹ̀yìn bàtà, kí ó yọ èkínní kúrò nínú èkejì. ESP32 kan lè ka méjèèjì lórí okùn kan náà: ẹ so AD0 ti ọ̀kan mọ́ GND kí àdírẹ́sì rẹ̀ máa jẹ́ 0x68, ẹ so ti èkejì mọ́ 3.3 V kó máa jẹ́ 0x69.

Ibi táwọn ènìyàn ti ń ṣubú: sẹ́ńsọ̀ náà máa ń jí ní ±250 dìgírì ní sẹ́kọ́ǹdì. Ẹsẹ̀ tó ń fì síwájú máa ń kọjá ìyẹn dáadáa, orí ìlà á sì gé. Ẹ kọ 0x10 sínú àpótí ìrántí sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ́ 0x1B kó di ±1000; nọ́ńbà tó bá jáde, ẹ fi 32.8 pín in. Ẹ kọ 0x18 sínú 0x1C kí accelerometer (apá tó ń wọn ìyípadà ìyára) di ±16 g, torí ìkanlẹ̀ gìgísẹ̀ le. Ẹ fi 2048 pín in. Ẹ kọ 0 sínú 0x6B kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oorun ló ń sùn. Kíkà 200 ní sẹ́kọ́ǹdì tó: báìtì 14 fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, 5,600 báìtì ní sẹ́kọ́ǹdì fún méjèèjì, ìyẹn ò wúwo rárá.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́ fún sẹ́kọ́ǹdì 10 kó tó rìn, kí ẹ yọ ìpíndọ́gba gyroscope (apá tó ń wọn ìyára yíyí) kúrò. Bí dìgírì 1 ní sẹ́kọ́ǹdì bá ṣẹ́kù síbẹ̀ láìyọ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan igun yín ti fi dìgírì 60 ṣìnà. Nítorí náà, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá tẹ́ sílẹ̀ pátá tí bàtà kò sì rìn, ẹ dá a padà sí òdo.

OníMáàkà

Gbogbo ohun tí IléSẹ́ńsọ̀ sọ nípa sẹ́ńsọ̀ tọ́. Ibi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni mi ò gbà. Ẹ̀yìn bàtà ṣì ni, kámẹ́rà ni ẹ kàn fi sẹ́ńsọ̀ rọ́pò. Gígùn ìgbésẹ̀, àkókò tí ẹsẹ̀ lò nílẹ̀, bí ẹnu bàtà ṣe ga tó nígbà tó ń fò lórí ilẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ara bàtà ń ṣe gbogbo ìyẹn dáadáa, torí pé bàtà gan-an ló ń rin ọ̀nà. Wíwó gìgísẹ̀ nínú bàtà kọ́.

Wàhálà kan sì tún wà tí ẹ ò mẹ́nu bà. Dídá a padà sí òdo ní àkókò tí ẹsẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni gìgísẹ̀ ń wó sínú. Ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n lẹ fi ń ṣe òdo.

IléSẹ́ńsọ̀

Ẹ gbá mi mú níbẹ̀. Ìyára ni wọ́n ń dá padà sí òdo, kì í ṣe igun. Mo yẹ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀. Fún igun, àárín ìgbà tí ẹsẹ̀ ń fì lófuurufú ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó ṣírò láti ibẹ̀ títí gìgísẹ̀ yóò fi gbéra, kò tó sẹ́kọ́ǹdì kan, ìyapa gyroscope ò ní ráyè kó jọ.

Ṣé sẹ́ńsọ̀ náà lè wá gba inú ihò 25 mm yẹn kọjá?

Aránbàtà

Pátákó GY-521 tí MPU-6050 wà lórí rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 21 sí 16 mm. Ẹ wọn láti igun dé igun, ó lé ní 26. Kò gba inú ihò náà, ká má tíì sọ pé kó mì nínú rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó wà lábẹ́ awọ bàtà, á tẹ gìgísẹ̀, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

IléSẹ́ńsọ̀

Ó dáa, ẹ jẹ́ kó lo sẹ́ńsọ̀ fún àkókò nìkan: ìgbà tí gìgísẹ̀ kanlẹ̀ àti ìgbà tí ìka ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Gyroscope ń fi méjèèjì hàn ketekete. Ó kàn ní láti jẹ́ kí fídíò àti sẹ́ńsọ̀ mọ ara wọn: kí iná LED kan tàn lójú kámẹ́rà nígbà tí ESP32 bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka.

Ẹlòmíì tó bá ń kà á: tó bá jẹ́ bàtà iṣẹ́ tó ní irin ní iwájú tàbí nísàlẹ̀, ẹ má gbára lé sẹ́ńsọ̀ tó ní magnetometer, apá tó ń wá àríwá bíi kọ́ńpáàsì. Irin náà á máa fà á.

ÌyáKílíníìkì

Kí n bi ọ́, ọmọ mi: kí lo fẹ́ lo èsì náà fún? Mo bi ọ́ nítorí ọ̀pọ̀ tó ń wá béèrè irú èyí, àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ló wà lọ́kàn wọn. Tó bá jẹ́ egbò abẹ́ ẹsẹ̀ lo fẹ́ dènà, igun gìgísẹ̀ kọ́ ló yẹ kó o wọ̀n, ìtẹ̀ tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ àti bàtà ni. Ìlànà àgbáyé fún ẹni tí egbò rẹ̀ ti jinná lábẹ́ ẹsẹ̀ ni pé kí bàtà tí wọ́n ṣe fún un mú ìtẹ̀ tó ga jù níbẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 200 kPa, tàbí kó dín in kù ní ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n ni ìtẹ́lẹ̀ tín-ín-rín tó kún fún sẹ́ńsọ̀. Irú rẹ̀ kan, Pedar ti àwọn Jámánì, ní sẹ́ńsọ̀ 99 nínú ìtẹ́lẹ̀ kan.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé FSR 402, sẹ́ńsọ̀ ìtẹ̀ kékeré kan, lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 13 mm. Lábẹ́ ìtẹ̀ 200 kPa, ẹrù tó lé ní kílò méjì àbọ̀ ló ń gbé lórí ojú kékeré yẹn. Ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ìyípadà rẹ̀ ti di díẹ̀ gan-an, ooru àti òógùn inú bàtà ń yí i padà, ohun tó sì ń sọ nígbà tí ìtẹ̀ ń pọ̀ sí i yàtọ̀ sí ohun tó ń sọ nígbà tó ń dín kù. Ó dára fún mímọ̀ pé ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀. Iye ìtẹ̀, rárá.

Èyí kì í sì í ṣe nǹkan àná. Marey, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, ará Faransé, ti fi ìyàrá rọ́bà kékeré sábẹ́ bàtà láti bí 150 ọdún sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ á gba inú rọ́bà lọ gbé kálámù tó ń kọ ìlà.

Akẹ́kọ̀ọ́Físíò

Ẹ ṣeun, mà. Kì í ṣe ti egbò. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yìn bàtà líle ń dín wíwó sínú kù ni. Báwo ni kí n ṣe to fóònù?

OníMáàkà

Ẹ gbé e sẹ́yìn ẹni náà, ní gíga kókósẹ̀, bíi 15 cm sí ilẹ̀, lórí nǹkan tí kò ní mì. Ẹ jìnnà tó mítà 3, kí ẹ fà á súnmọ́ pẹ̀lú lẹ́ǹsì, torí bí ẹ bá gbé e súnmọ́ gan-an, igun máa ń yí bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń kúrò ní àárín àwòrán.

Àwòrán 240 dára. Pẹ̀lú 30, ìbẹ̀rẹ̀ ìkanlẹ̀, tí kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì, àwòrán mẹ́ta péré ni ẹ máa rí. Ṣùgbọ́n iye àwòrán nìkan kọ́. Ẹ fojú sí ìyára ojú lẹ́ǹsì (shutter) pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ tó ń fì lè dé mítà 4 ní sẹ́kọ́ǹdì. Bí lẹ́ǹsì bá ṣí fún 1/240 sẹ́kọ́ǹdì, àmì yín á fà gùn tó 17 mm. Ní 1/1000, 4 mm. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ó nílò ìkanlẹ̀. 1/1000 ń fẹ́ iná tó pọ̀. Ẹ ṣe é ní ìta lábẹ́ òjìji ní ọ̀sán, tàbí kí ẹ lo iná tó ń lo bátìrì, torí iná ilé kan máa ń ṣẹ́jú, fídíò á sì máa mọ́lẹ̀, á máa ṣókùnkùn.

Ẹ má wọn ohunkóhun lẹ́yìn tí gìgísẹ̀ bá ti gbéra. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọjú síwájú gan-an, ó máa ń ya síta ní dìgírì 5 sí 10. Bí gìgísẹ̀ bá ti ń gòkè, kámẹ́rà ẹ̀yìn á ka ìgòkè yẹn mọ́ wíwó. Láti ìkanlẹ̀ títí dé ìgbéra gìgísẹ̀ ni ọjà yín wà.

Òdo: ẹ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, pẹ̀lú bàtà náà, kí ẹ ya á. Igun yẹn ni ẹ ó máa yọ kúrò nínú èyí tó kù. Bí ẹ bá yọ igi ìwọ̀n tí ẹ sì tún un lẹ̀ láàárín bàtà méjèèjì, òdo ti yàtọ̀ nìyẹn, ẹ máa fi bí ó ṣe yí láti ìkanlẹ̀ wéra, ẹ má fi ibi tó dúró.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ojú àmì, ẹ fi asẹ́ Butterworth 6 Hz (ìṣirò tó ń yọ gbígbọ̀n kékeré kúrò nínú ìlà) sẹ́ ìlà náà, ní lílọ àti bíbọ̀. Ẹ má lò ó ní lílọ nìkan, á sún gbogbo nǹkan sẹ́yìn.

Aránbàtà

Okùn bàtà ńkọ́? Bí ẹ bá so ó le fún ẹnì kan tí ẹ tú u fún ẹlòmíì, gìgísẹ̀ á yọ́ lọ́nà tó yàtọ̀ nínú bàtà kan náà. Ẹ fi ìwọ̀n ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ìrìn-àjò fà á dé kílò 3 kí ẹ tó ta á ní kókó.

OníMáàkà

Òótọ́ ni. Ìyára ìrìn náà pẹ̀lú, torí bí ènìyàn bá yára, ohun gbogbo ń pọ̀ sí i. Ẹ fi àmì méjì sílẹ̀ tó jìnnà síra ní mítà 4. Fún ìyára 1.2 m ní sẹ́kọ́ǹdì, sẹ́kọ́ǹdì 3.3 ló yẹ kó gbà. Èyí tó bá yá ju 3.2 tàbí tó pẹ́ ju 3.5, ẹ dà á nù, kí ó tún rìn. Ẹ kó ìgbésẹ̀ tó dáa mẹ́wàá fún bàtà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn mẹ́fà kọ́kọ́ wọ bàtà awọ, kí mẹ́fà kọ́kọ́ wọ kánfáàsì.

Ìdánwò kan ló kù tí ọ̀pọ̀ máa ń fò: ṣé ihò ti sọ bàtà di bàtà mìíràn? Kí ẹ tó lu bàtà, ẹ lẹ àmì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níta gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta fi rìn. Ẹ lu ihò, ẹ dá àmì padà sí ibi kan náà, kí wọ́n tún rìn. Bí ìlà bàtà bá yàtọ̀ ju bó ṣe ń yàtọ̀ láti ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, ẹ̀yìn bàtà ti rọ̀. Ìlà bàtà yẹn tún wúlò lọ́nà mìíràn: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà gìgísẹ̀, ẹ ó sì rí bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn nínú bàtà tó.

Akẹ́kọ̀ọ́Físíò

Ìbọ̀sẹ̀ ni ìbéèrè tó kù. Ṣé kí wọ́n wọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n má wọ̀ ọ́?

Aránbàtà

Kí wọ́n wọ̀ ọ́, awọ líle lára ẹsẹ̀ lásán á bó wọn ní gìgísẹ̀, ẹni tí ara bá ń ta kì í rìn bó ṣe yẹ. Irú kan náà fún gbogbo ènìyàn, tín-ín-rín. Ihò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti bàtà lọ, bíi 35 mm, kí ẹ sì rán etí rẹ̀, torí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé máa ń ká bọ̀ sábẹ́ ìdí máàkà.

OníMáàkà

Ẹ fá irun tó bá wà níbẹ̀, ẹ fi sípíríìtì nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí téèpù tó kàn án. Bí pẹlẹbẹ náà bá ti lẹ̀ tán, ẹ fi báírò yí etí rẹ̀ ká lára awọ ẹsẹ̀. Tí ìrìn bá parí, ẹ gba inú ihò wo ìlà báírò yẹn kí ẹ tó bọ́ bàtà, torí bíbọ́ bàtà fúnra rẹ̀ lè fa pẹlẹbẹ náà. Bí ó bá ti kúrò lórí ìlà ju 1 mm lọ, ẹ má lo fídíò yẹn.